Fóònù Tí Ó Lá Oyin

Pá, pá, pá. Bí ìró náà ṣe máa ń dún nìyẹn ní gbogbo òwúrọ̀, lẹ́yìn ilé wọn ní Ayépé, kí oòrùn tó yọ. Gilbert kò tíì dàgbà tó ẹni tí ń dá ṣòkòtò wọ̀. Á dùbúlẹ̀ sórí ẹní, á máa gbọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá Déọlá, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, nínú omi gbígbóná. Pá ní ẹ̀yìn, pá ní ìdí, lẹ́yìn náà ilé á dákẹ́ díẹ̀, ìyẹn ni pé wọ́n ti ju ọmọ náà sókè. Igbe á sì bẹ́ nígbà tí wọ́n bá hán an. Gilbert gbà pé bí wọ́n ṣe ń ṣe ènìyàn nìyẹn: wọ́n á bí i, wọ́n á sì máa lù ú títí yóò fi gbà pé òun ti dé ayé.

Màmá Edith ni ìyá náà ń jẹ́. Bí ẹ bá dé Ayépé tí ẹ rí ẹni tí orí rẹ̀ rí roboto, tí ìdí rẹ̀ sì yọ bó ṣe yẹ, ẹ má dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá nìkan. Màmá Edith yóò jẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ọwọ́ òun náà wà níbẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ilé ìwé ìjọ, ṣùgbọ́n kò fẹ̀yìn tì lẹ́nu ọmọ wíwẹ̀. Bí obìnrin kan bá ti bímọ ní àdúgbò, òun pẹ̀lú kànìnkànìn rẹ̀ á ti dé ẹnu ọ̀nà kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Àwọn mìíràn kò ránṣẹ́ pè é rí. Ìyẹn kò dí i lọ́wọ́.

Gilbert wà lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ sì rí roboto lóòótọ́. Ó di olùkọ́ ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní ọ̀nà Ijagun, ó sì ń kọ ohùn ìsàlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù rẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹ̀wù funfun alápá gígùn ni, sítáàṣì inú rẹ̀ pọ̀ débi pé ẹ̀wù náà lè lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò láìsí Gilbert nínú rẹ̀. Á dé gbogbo bọ́tìnnì títí dé ọrùn, á so táì lé e, nínú ooru tí àwọn ẹlòmíràn ti ń wá ibòji. Bí ooru bá mú jù nínú ilé, á bọ́ ẹ̀wù, á ku síńgílẹ́ẹ̀tì. Síńgílẹ́ẹ̀tì ni òpin. Mọ́ṣádé, ìyàwó rẹ̀, tí ó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní yunifásítì Ijagun, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ṣì ń retí ọjọ́ tí òun yóò rí àyà ọkọ òun ní ojúmọmọ.

Nígbà tí oyún Mọ́ṣádé wọ oṣù keje, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ojú rẹ̀ wú. Màmá Edith ní ọmọ ọkùnrin ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀. Àwọn dókítà tó wà ní Ìjẹ̀bú-Òde kò gbọ́ irú ìmọ̀ yìí rí, nítorí náà wọ́n gbé Mọ́ṣádé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ ọkùnrin ni wọ́n gbé jáde. Títí di òní, Màmá Edith gbà pé òun ló jàre.

Ọmọ náà kò ju búrẹ́dì kan lọ. Ó pupa, awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ké, ohùn kankan kò jáde. Wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì tí wọ́n ń pè ní inkubétọ̀, níbi tí ooru kò ti ní sá kúrò lára rẹ̀. Wọ́n ti rọ́bà tín-ín-rín kan gba imú rẹ̀ lọ sí ikùn kí oúnjẹ lè gba ibẹ̀. Ẹ̀rọ kan ń dún ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: tín, tín, tín. Gilbert dúró síwájú gíláàsì náà, táì lọ́rùn. Láti kékeré ni ó ti mọ ìró tí ọmọ tuntun máa ń dún, èyí kò sì jọ ọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń ṣọ́ yàrá náà ni Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi, ọmọ Èkìtì kan tí ó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná bí ẹni pé láti inú owó oṣù rẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, Nọ́ọ̀sì, ṣé ọmọ náà máa yè?" Gilbert bi í.

"Ẹ fọ ọwọ́ yín."

Ó fọ ọwọ́, ó padà dé. "Ṣé ó máa yè?"

"Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanra, ẹ ó gbé e lọ sílé. Bí kò bá sanra…" Nọ́ọ̀sì wo ọwọ́ rẹ̀. "Ẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbúnwọ́."

Láti ọjọ́ náà, ohun tí Gilbert ń wá láyé kò ju kí ọmọ náà sanra lọ. Àárọ̀ ni wọ́n máa ń gbé e sórí ìwọ̀n, àárọ̀ ni Gilbert sì máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, bí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí èsì ìdánwò. Ọmọ náà kò sanra. Ó ń fọn ni. Dókítà ní gbogbo ọmọ tuntun ló máa ń kọ́kọ́ fọn. Gilbert, olùkọ́ ìṣirò, ronú sí ohun tó kù tí ọmọ náà lè yọ kúrò lára rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan.

Àwọn ará àdúgbò náà ní ìṣòro tiwọn. Ní ilẹ̀ wa, kò sí ohun tí a kì í kí ènìyàn sí. À ń kí ẹni tó jókòó, à ń kí ẹni tó dúró, à ń kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun. Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń kí bàbá ọmọ tó wà nínú gíláàsì? "Ẹ kú ewu ọmọ" wà fún ẹni tí ewu rẹ̀ ti kọjá. "Ẹ pẹ̀lẹ́" dàbí ẹni pé ọmọ náà ti lọ. Alhaji Zakariyah, ẹni tó ni ilé tí Gilbert àti Mọ́ṣádé yá gbé ní Ijagun, tí kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá láìkí i dé orí àwọn bàbá ńlá rẹ̀, pàdé Gilbert lójúde ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ẹ̀ẹ́ẹ̀, Tísà… ẹ kú… ẹ kú…" Ojú rẹ̀ ń wá ibi tí yóò bà lé. "Táyà ọkọ̀ yín tẹ̀yìn yìí, ó dàbí ẹni pé ó ń jò o."

"Ẹ ṣeun, Alhaji."

Láti ìgbà náà, táyà ni Alhaji ń kí ní àràárọ̀.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ fi dé. Gilbert rò pé ó yẹ kí wọ́n dúró kí ọmọ náà jáde ná. Màmá Edith gbọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sọ pé méjì àti méjì jẹ́ márùn-ún.

"Ọjọ́ kẹjọ ni wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, Gilbert. Wọn kì í sún un síwájú bí ìdánwò."

"Màmá, ọmọ kò sí nílé."

"Ṣé òun ni yóò sọ ara rẹ̀ lórúkọ ni? Lọ́jọ́ tí a sọ ìwọ lórúkọ, kí lo rí sọ? Oorun lo sùn látìbẹ̀rẹ̀ dópin."

"Màmá, èmi wà níbẹ̀."

"O wà níbẹ̀, ohun tí o ṣe kò ju ti ẹni tí kò sí níbẹ̀ lọ. Wá pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀. Wọ léèsì rẹ tó dáa."

Gilbert ti gba oyè yunifásítì, ó sì tún ń bẹ̀rù ìyá rẹ̀; àwọn nǹkan méjèèjì yìí kò di ara wọn lọ́wọ́ rí. Ó lọ sọ fún Mọ́ṣádé, tí ó ṣì wà ní ilé ìwòsàn nítorí ojú abẹ rẹ̀ kò tíì jinná.

"Ẹ lọ, Tísà," Mọ́ṣádé sọ fún un. Bí ó ṣe máa ń pè é nìyẹn kí wọ́n tó fẹ́ra. "Ẹ bá mi jẹ ìrẹsì. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ìyá ọmọ, ẹ ní ó ń fún wàrà sínú ife bí ẹni tó sin màlúù."

"Ṣé ara rẹ kò gbóná báyìí?"

"Ooru ni. Ẹ lọ."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ, Gilbert kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìwọ̀n. Ọmọ náà tún ti fọn. Ó wọ léèsì rẹ̀, ó wa ọkọ̀ lọ sí Ayépé láti lọ ṣàjọyọ̀.

Ilé kún. Wọ́n ti tẹ́ ìrọ̀rí kan sórí tábìlì, wọ́n ta aṣọ funfun ti ọmọ tuntun lé e, wọ́n gbé fóònù Gilbert sí àárín rẹ̀. Fọ́tò ọmọ náà wà lójú fóònù: rọ́bà nímú, ojú dídì. Àwọn àgbà ń wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ wo fóònù, wọ́n ń sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀. Déọlá, tó ti Èkó wá, tí òun náà ti di ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta báyìí, fi ìgbúnwọ́ gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìhà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín kò ní yọ yín lẹ́nu. Ẹ ṣáà rántí láti máa fi í sí cháàjì."

"Déọlá, dákẹ́."

"Mo ti dákẹ́. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Màmá á ju òun náà sókè tó bá yá."

Olùkọ́ ìjọ gbàdúrà, àdúrà náà gùn tó ọ̀nà Èkó. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá Edith dìde. Ó gbé abọ́ omi, ó gbàdúrà lé e, ó kán ẹ̀kán kan sí ẹnu ọmọ inú fóònù. Àmín. Ó ti ìka bọ oyin, ó gbàdúrà pé ayé ọmọ náà yóò dùn, ó fi ìka náà pa á lẹ́nu, ó rọra fà á sí ẹ̀gbẹ́ bí ó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo ọmọ. Fọ́tò ọmọ náà yí lọ. Ẹlòmíràn ló wọlé dípò rẹ̀: ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ Gilbert, tí ó sùn lọ lórí tábìlì rẹ̀ nínú ọ́fíìsì, ẹnu yíya, tí Gilbert rọra ya fọ́tò rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ. Màmá Edith, tí kò wo ilẹ̀, ti ń fi iyọ̀ sí ọ̀gá àgbà lẹ́nu.

Ìyá arúgbó kan láti Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá Gilbert, bẹ̀rẹ̀ súnmọ́ ọn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́.

"Há! Ọmọ náà ti hu irùngbọ̀n!" Ó gbé ọwọ́ sókè. "Ọlọ́run tóbi! Ta ló ní kò pé oṣù?"

"Àmín!" ni gbogbo ilé dáhùn.

Gilbert ní kí òun dá a padà. Ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ oyin. Ọ̀gá àgbà kò kúrò. Déọlá fa fóònù náà gbà, ó ní kí òun fi aṣọ tútù nù ún, ìgbúnwọ́ rẹ̀ sì kan abọ́ omi tí wọ́n ti gbàdúrà lé. Gbogbo omi náà, pẹ̀lú àdúrà inú rẹ̀, dà lé fóònù. Fóònù tan yẹ̀rì, ó gbọ̀n, ó ṣókùnkùn.

Ilé pa rọ́rọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé wọ́n ti gbé ọmọ sínú ẹ̀rọ, wọn kò dákẹ́ tó báyìí.

"Ó ti sùn," Màmá Edith sọ kíákíá. "Gbogbo ọmọ ló máa ń sùn. Ayọ̀mípọ̀sí ni orúkọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọrin."

Wọ́n kọrin. Ẹnìkan ní ìrẹsì tí wọn kò tíì sè ló máa ń fa omi jáde nínú fóònù, wọ́n sì lọ ri í mọ́ inú àpò ìrẹsì nílé ìdáná. Wọ́n bu ìrẹsì tó jinná fún Gilbert. Ó jókòó, ó ń jẹun ní ìsọmọlórúkọ ọmọ tó wà ní ibòmíràn, tí fọ́tò rẹ̀ náà ti wà ní ibòmíràn báyìí.

Ní àkókò yẹn gan-an, wọ́n ń pè é láti ilé ìwòsàn. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ gíláàsì náà ti kọṣẹ́, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọmọ mìíràn dé tí kò lè mí dáadáa. Dókítà wo gbogbo yàrá, ó ní ọmọ Mọ́ṣádé ti ń dá mí, òun ló lè jáde kúrò nínú tirẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, bí ènìyàn kan bá lè gbé e mọ́ àyà lásán, ara sí ara, kí ooru ẹni náà ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìyá ló yẹ kó ṣe é. Ṣùgbọ́n ibà ti mú Mọ́ṣádé, ojú abẹ rẹ̀ ti kẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná, ó sì ń gbọ̀n. Wọn kò lè gbé ọmọ fún un. Wọ́n pe bàbá. Fóònù bàbá wà nínú ìrẹsì. Mọ́ṣádé pe Màmá Edith. Fóònù Màmá Edith wà nínú báàgì rẹ̀ ní yàrá, nítorí kì í gbé ìpè níbi tí wọ́n bá ti ń gbàdúrà.

Gilbert gbé àwo ìrẹsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó yá fóònù Déọlá kí ó lè sọ orúkọ ọmọ fún ìyá ọmọ.

"Mọ́ṣádé, èmi ni. Ayọ̀mípọ̀sí ni Màmá sọ ọ́."

"Tísà!" Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. "Níbo lẹ wà? Wọ́n ti gbé ọmọ yín jáde nínú ẹ̀rọ, ẹ ẹ̀ gbé fóònù!"

"Gbé e jáde bíi báwo?"

Fóònù Déọlá já. Kì í ṣe pé nǹkan kan ṣe é. Káàdì ló tán.

Gilbert kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní agbádá rẹ̀ há sí ẹnu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà dé Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn ènìyàn sì ń juwọ́ sí i pé ó ń lọ sí òde.

Nígbà tí ó wọlé, ó lọ tààrà síwájú gíláàsì. Ọmọ kan wà nínú rẹ̀. Ó tóbi ju tirẹ̀ lọ, irun kún orí rẹ̀. Gilbert dúró níbẹ̀. Ó yípadà, ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgbúnwọ́, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe. Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀.

"Bàbá Ọmọ." Ohùn Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi ni, láti igun yàrá. Ó jókòó sórí àga, ó ti fi aṣọ di ọmọ náà mọ́ àyà ara rẹ̀. Bí ẹnìkan bá sọ fún Gilbert tẹ́lẹ̀ pé àyà wà lára obìnrin náà, kò ní gbà. "Ọwọ́ yẹn ti mọ́. Ẹ bọ́ ẹ̀wù."

"Ẹ̀wù wo?"

"Gbogbo rẹ̀. Àwọn aláìsàn mìíràn ń dúró dè mí, ẹsẹ̀ ọmọ yìí sì ti ń tutù."

Gilbert bọ́ agbádá. Ó bọ́ bùbá. Ó dúró.

"Ṣé… ṣé síńgílẹ́ẹ̀tì kò lè wà láàárín?"

"Ẹran kan wà tó ń jẹ́ káńgárúù," Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi dáhùn. "Inú àpò ara rẹ̀ ló ń gbé ọmọ rẹ̀ sí. Kì í wọ síńgílẹ́ẹ̀tì."

Àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà nínú yàrá náà ti gbójú sókè. Ọ̀kan nínú wọn, Jessica, ìyá ìbejì kan tí ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé òun ló ń fi ọ̀nà han àwọn àlejò, pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ gbójú kúrò o, ẹ̀yin obìnrin! Ẹ má jẹ́ kí ojú ti Tísà. Àyà yẹn kò rí ìta láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe ìsàmì fún un."

"Ó funfun o!"

"Kò funfun, sítáàṣì ni."

Láti orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní iwájú ilẹ̀kùn yàrá kejì, lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì, Mọ́ṣádé di ikùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín," ni ó ń bẹ̀ wọ́n. "Ojú abẹ mi o!"

Gilbert bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n gbé ọmọ náà lé e láyà, wọ́n tẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ti ọ̀pọ̀lọ́, wọ́n fi aṣọ dì í mọ́ ọn. Kò wúwo. Ó tutù bí ṣíbí. Gilbert kò mí.

"Ẹ mí, Bàbá," Nọ́ọ̀sì sọ fún un. "Ìwọ̀nba tí ọmọ yìí mọ̀ nínú mímí kò tó. Lọ́dọ̀ yín ló ti fẹ́ kọ́ ọ."

Ó mí. Ọmọ náà gbọ̀n, ó tún gbọ̀n. Gilbert kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹni tó kéré tó báyìí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan, nítorí ohùn náà nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá ti gbọ́ ohùn ìsàlẹ̀ láìsí àwọn ohùn yòókù mọ̀ pé kò sí orin nínú rẹ̀: hùn, hùn, hùn, lórí ohùn kan ṣoṣo, bí ẹ̀rọ ìlọta tó wà ní òpópó kejì.

"Orin wo nìyẹn?" Jessica béèrè.

"Ẹ fi í sílẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi dáhùn. Ó ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. "Ó ń móoru."

Bí Gilbert ṣe di ẹ̀rọ nìyẹn. Wọ́n tọ́jú ibà Mọ́ṣádé, ara rẹ̀ mókun, òun náà sì ń gbé ọmọ mọ́ àyà ní òwúrọ̀. Ọ̀sán di ti Gilbert. Ó ń kúrò ní ilé ẹ̀kọ́, ó ń wá bọ́ṣọ. Ìlú kò jẹ́ kó gbádùn rẹ̀. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bi í bóyá wàrà ti ń jáde. Ọ̀gá àgbà fúnra rẹ̀ ránṣẹ́ pè é, ó wò ó títí. "Mo gbọ́ pé ẹ ti sọ mí lórúkọ ní Ayépé," ó ní. "Kò sí ẹni tó bu ìrẹsì ránṣẹ́ sí mi." Lẹ́yìn náà ló gbà kí Gilbert máa tètè lọ.

Màmá Edith wá wò ó. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin láìní ẹ̀wù láàárín àwọn obìnrin, ó di ilẹ̀kùn mú.

"Gilbert! Ta ló ṣe èyí sí ọ? Ẹ̀yìn ni wọ́n ń pọn ọmọ sí. Ẹ̀yìn! Obìnrin ló sì ń pọ̀n ọ́n!"

"Ẹ fọ ọwọ́ yín, Màmá," Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi sọ.

Ó fọ ọwọ́, ó ń kùn. Ó wo ọmọ náà láti òkè dé ilẹ̀ bí télọ̀ tó ń wo aṣọ tí ẹlòmíràn bàjẹ́. "Orí yìí ti gùn jù. Ẹ jẹ́ kí n fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí mo bá sì jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta péré, ẹ̀rù kò ní bà á mọ́ láyé."

"Ẹ kò ní tẹ̀ ẹ́, ẹ kò ní jù ú, ẹ kò ní gbá a," ni Nọ́ọ̀sì dáhùn.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbogbo Ayépé ni mo wẹ̀!"

"Ayépé pé oṣù, Màmá."

Kò sí ẹni tó tíì dá Màmá Edith lóhùn báyìí rí. Ó jókòó sórí àga, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé ọmọ náà sórí ìwọ̀n, nítorí wọ́n sún wíwọ̀n sí ọ̀sán lọ́jọ́ náà. Ìwọ̀n náà sọ pé ó ti sanra. Díẹ̀ ni, bí ẹni jẹ ṣúgà onígun kan. Màmá Edith sọ pé orúkọ tí òun sọ ọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó ní agbára láti bá a jiyàn.

Ó ń sanra bẹ́ẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wà tí kì í kúrò ní ojú kan, Gilbert á sì lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò pẹ̀lú ojú tó ń dẹ́rù bà wọ́n. Ọjọ́ kan wà tí ọmọ náà gbàgbé láti mí, tí ẹ̀rọ ké, tí Nọ́ọ̀sì Ṣìkẹ́mi sì fi ìka kan gbá a ní àtẹ́lẹsẹ̀ títí tó fi rántí. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó fi Gilbert ṣẹ̀fẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, wọ́n yọ rọ́bà kúrò nímú rẹ̀, ó sì ké. Igbe náà burú, ó ṣe kẹ̀ẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí kò ní epo. Jessica ní kí wọ́n tètè máa gbé e lọ sílé, òun fẹ́ sùn.

Wọ́n gbé e lọ sílé.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá Edith ti dé láti Ayépé pẹ̀lú kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti ìgò àdín. Gilbert ti ṣáájú rẹ̀. Ó ti gbé ọmọ náà sórí ìrọ̀rí, ó ti ilẹ̀kùn pa kí atẹ́gùn má wọlé, ó ń fi aṣọ rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nù ún, apá lẹ́yìn apá, ó ń bo ibi tó bá ti nù. Màmá Edith jókòó síta ilẹ̀kùn, ó tẹ́ etí.

"Gilbert, èmi kò gbọ́ nǹkan kan o."

"Kò sí nǹkan tí ẹ máa gbọ́, Màmá."

"Orí rẹ̀ á rí wọ́gọwọ̀gọ!"

"Kí ó rí bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí Gilbert ṣí ilẹ̀kùn, Màmá Edith ti lọ, ó kó kànìnkànìn àti ọṣẹ rẹ̀ dání. Ìgò àdín wà nílẹ̀ níbi tó jókòó sí.

Mọ́ṣádé fún ọmọ lọ́mú, àwọn méjèèjì sì sùn lọ. Gilbert kó àwọn ìlédìí tó ti dọ̀tí sínú báàfù, ó gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ó ti dé ìdí kànga kó tó rántí pé òun kò wọ ẹ̀wù. Kò padà sẹ́yìn. Ó pọn omi, ó fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Alhaji Zakariyah gba ẹ̀gbẹ́ ilé jáde, ó rí àyà ayálégbé rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, ó fẹ́ yà. Ó dúró.

"Tísà," ó ní. "Ẹ… ẹ kú ewu ọmọ o."

"A dúpẹ́, Alhaji. Ewu náà ò ní wu yín."

"Àmín." Alhaji mí kanlẹ̀ bí ẹni tó san gbèsè. Ó rìn síwájú díẹ̀, ó bojú wẹ̀yìn. "Táyà yẹn ṣì ń jò o."

Ó wọlé. Gilbert fún omi kúrò lára ìlédìí kan, ó di etí rẹ̀ méjèèjì mú, ó gbọ̀n ọ́n: pá. Ó fi pẹ́ẹ̀gì há a sórí okùn. Ó gbọn òmíràn. Nígbà tó gbọn èyí tó kẹ́yìn, ó fà á tọ́ dáadáa, etí sí etí, bí ẹni tó fẹ́ lọ̀ ọ́, ó há a, ó da omi ọṣẹ nù, ó sì dojú báàfù dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kí ó lè gbẹ.